Apá tó há sínú ìdìmú okùn: àkọsílẹ̀ ìjàǹbá kan lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń fa onísíkíì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi ọkọ̀ fa onísíkíì lójú omi, ìyẹn ẹni tó wọ síkíì, pátákó gígùn tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀, tó sì di okùn ọkọ̀ mú kó lè máa yọ̀ lórí omi, ló gbà pé inú eré ni ewu wà. Bí ọkọ̀ bá ti ń sá ju bó ṣe yẹ lọ, wọn a pariwo lé atukọ̀ lórí. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ tí a fẹ́ tú palẹ̀ yìí, ọkọ̀ ò tíì gbéra dáadáa nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán nígbà tó kù díẹ̀ kó di ikú. Okùn tó dẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà kó tó ṣẹlẹ̀

Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n. Atukọ̀ ti ń wa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olùṣọ́, ìyẹn ẹni tó máa ń kọjú sẹ́yìn láti wo ẹni tí wọ́n ń fà, ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Èrò méjì jókòó síwájú. Ẹnì karùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́, àgbàlagbà tí kò gun síkíì rí. Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 19, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, agbára ẹṣin 115. Adágún náà tòrò. Ibi tí wọ́n wà jìn ju mítà mẹ́ta lọ, etí omi sì jìnnà sí wọn tó mítà ọgọ́ta. Ọ̀sán gangan ni, kò sì sẹ́ni tó fẹnu kan ọtí.

Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn: wọn kì í ṣe aláìbìkítà. Gbogbo wọn ló wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, ti akẹ́kọ̀ọ́ sì há mọ́ ọn lára dáadáa. Bí ènìyàn bá fa èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà sókè, kò ní gun etí akẹ́kọ̀ọ́. Okùn ìpaná wà lára atukọ̀, ìyẹn okùn kékeré tó so ara rẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì bó bá ṣubú kúrò nídìí ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú lílo rẹ̀ ní dandan lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26. Wọ́n ní olùṣọ́. Wọ́n ní àsíá aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń gbé sókè bí ènìyàn bá wà nínú omi. Bí ènìyàn bá mú ìwé òfin, tó ń fi bírò sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n á yege pátápátá.

Ohun tí ìwé òfin kì í sábà béèrè ló kù. Okùn wọn jẹ́ oríṣi tí gbogbo onísíkíì mọ̀, oníke tó máa ń léfòó, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 75, nǹkan bíi mítà 23. Ó ti já rí níbi tó sún mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì ta á ní kókó padà. Kò sí òpó ìfàkùn láàárín ọkọ̀, nítorí náà wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ìdí ọkọ̀, sára irin tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Kò sí ọ̀bẹ nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéra tí wọ́n fẹnu kò sí sì ni "ó yá."

Ìfà méjì àkọ́kọ́

Lẹ́ẹ̀kíní, atukọ̀ ti ọ̀pá gíà síwájú lójijì. Akẹ́kọ̀ọ́ fa ìdìmú mọ́ àyà, ó nàró kí síkíì tó bọ́ sórí omi, ló bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ síkíì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá wà nínú omi gbọ́dọ̀ ká orúnkún mọ́ àyà bí ẹni tó lóṣòó, kó na apá méjèèjì gbọọrọ, kí imú síkíì yọ lókè omi, kí okùn gba àárín síkíì méjèèjì kọjá. Ọkọ̀ ló máa fà á dìde. Òun kọ́ ló máa fa ara rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, atukọ̀ fẹ́ tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, ló bá ṣe é pẹ̀lẹ́ jù. Síkíì kàn ń ti omi níwájú ni, akẹ́kọ̀ọ́ ò dìde, kò sì jọ̀wọ́ okùn. Omi gba ojú àti imú rẹ̀, ó sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Àgbàlagbà lórí síkíì méjì sábà máa ń nílò eré tó wà láàárín kìlómítà 32 sí 40 ní wákàtí kan kó tó lè dúró dáadáa. Iná gbọ́dọ̀ máa gorí iná láìdáwọ́ dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi wà lókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Ẹni tí kò bá dìde nínú ìyẹn, kó jọ̀wọ́ okùn, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń di okùn mú. Wọn ò kọ́ ọ bí a ṣe ń fi í sílẹ̀. Ìdánilójú wà pé níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kì í ṣe ní ìfà kẹta, níbi tí apá ti há.

Ìdìmú lórí ìgúnwọ́

Lẹ́yìn ìṣubú kejì, atukọ̀ padà lọ bó ṣe yẹ. Ó dín iná kù kó tó yí orí ọkọ̀. Ó rọra yí akẹ́kọ̀ọ́ po láti òkèèrè, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí, kó lè máa rí i, títí okùn fi yọ́ kan ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Títí dé ibí, kò sí àléébù.

Ó ti rẹ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ba okùn, kò dúró de ìdìmú; ó ń fa okùn náà sọ́dọ̀ títí ìdìmú fi dé, ó sì ti kó okùn tó mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ sórí omi níwájú ara rẹ̀. Síkíì ẹsẹ̀ òsì ti yọ nígbà tó ṣubú. Bàtà rọ́bà ara síkíì kì í rọrùn wọ̀ nínú omi, ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà. Kí ló wá fẹ́ ṣe sí ìdìmú? Ó ki apá òsì bọ inú àlàfo onígun mẹ́ta tó wà láàárín igi ìdìmú àti okùn méjì tó so igi náà mọ́ okùn ńlá, ó gbé e kọ́ ìgúnwọ́, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàtà lábẹ́ omi.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí lásìkò yẹn. Ọkọ̀ wà ní fíríì. Okùn dẹ̀ wọ̀ọ̀ láàárín ọkọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́. Apá ènìyàn wà nínú ohun tí wọ́n ṣe kó má baà já. Akẹ́kọ̀ọ́ dorí kodò, kò wo ọkọ̀. Olùṣọ́ náà ti yíjú, ó ń tú kókó okùn tó há mọ́ irin ìdí ọkọ̀. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Níwájú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn èrò sọ fún èkejì pé, "Ó yá, jókòó o." Atukọ̀, tó ti kọjú síwájú láti wò ó bóyá ọ̀nà mọ́, gbọ́ "ó yá." Ó tẹ iná.

Bí okùn bá ti na tan kí ọkọ̀ tó gbéra, díẹ̀díẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnnì máa ń wọ ara ènìyàn. Bó bá dẹ̀, ọkọ̀ á kọ́kọ́ kó eré jọ láìfa nǹkan kan, gbogbo eré yẹn á sì bá ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí okùn bá le. Ìgúnwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló gba tirẹ̀. Okùn náà yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó já síkíì kejì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ri ojú rẹ̀ sábẹ́ omi. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ igbe. Ẹni tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ omi kò lè ké, àwọn atukọ̀ tó máa ń sọ pé "a óò gbọ́ ọ bó bá pariwo" kò sì rántí ìyẹn.

Olùṣọ́ gbójú sókè nígbà tí okùn le lójijì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ló rí, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí omi, láìsí orí lókè rẹ̀. Ó pariwo, "Dúró! Dúró!" Atukọ̀ fa ọ̀pá gíà padà. Ọkọ̀ ti wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó mítà mẹ́wàá.

Rífásì

Ó yẹ kí ìjàǹbá náà parí síbẹ̀. Apá á dùn ún, wọn á gbé e sínú ọkọ̀, wọn á lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ nígbà tí atukọ̀ bojú wẹ̀yìn, tó rí ènìyàn tí kò gbé ọwọ́ sókè, ọkàn rẹ̀ pòrúùrù, ló bá ki gíà bọ rífásì kó lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ orí ilẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìronú, nítorí pé rífásì ni ọ̀nà tó yá jù láti padà síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Lójú omi, rífásì ń gbé pùròpẹ́là, irin abẹ tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, lọ bá ènìyàn tààrà. Ó sì tún ń fa omi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ inú pùròpẹ́là náà, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá léfòó lórí rẹ̀.

Ohun tó léfòó ni okùn. Ẹ̀gbẹ́ ìdí ọkọ̀ ni wọ́n so ó mọ́, kò jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, ó sì ti dẹ̀ padà. Pùròpẹ́là gbé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì yìí máa ń yí bíi ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ iná sí i rárá. Gíà inú rẹ̀ á gé e sí nǹkan bí ìdajì, tí pùròpẹ́là á fi máa yí bí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àárín pùròpẹ́là, níbi tí okùn máa ń wé mọ́, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, nítorí náà bó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, á gbé okùn tó sẹ̀ǹtímítà ọgbọ̀n mì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí iná tó kéré jù lọ tí ẹ́ńjìnnì náà ní. Okùn mítà 23 kò lè gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Apá okùn tó ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ wá le kíá, torí irin ló dì í mú. Ìyókù ń wọlé láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìgúnwọ́ rẹ̀ sì wà lópin rẹ̀.

Olùṣọ́ rí i tí okùn náà na láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ara ènìyàn. Kò sọ pé "dúró" mọ́. Ó ní, "Pa á!" Atukọ̀ já okùn ìpaná. Ẹ́ńjìnnì kú. Láti akẹ́kọ̀ọ́ sí pùròpẹ́là kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́jọ lọ.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, jíjá okùn ìpaná yìí ló gba ẹ̀mí là. Ọ̀pá gíà tó wà ní rífásì gbọ́dọ̀ padà sí fíríì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n sì lè tì í kọjá fíríì bọ́ sí iwájú. Okùn ìpaná kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn gbà pé nítorí ìgbà tí atukọ̀ bá ṣubú sómi nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é. Bírékì pàjáwìrì ni, kí ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń já a láìwò ó.

Láti inú omi dé ilé ìwòsàn

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e tọ́, ètò rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Atukọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sókè kí olùṣọ́ rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùṣọ́ tó wọ inú omi pẹ̀lú láífù jákẹ́ẹ̀tì lára, ó gbé àgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ sókè kó lè mí, ó rọra yọ ìdìmú kúrò ní ìgúnwọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wúkọ́, ó mọ ibi tó wà. Ọ̀kan nínú èrò gbé àsíá aláwọ̀ ọsàn sókè, ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wọn sì dẹwọ́ iná. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin ni kí wọ́n gbé àsíá pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn bẹ́ẹ̀ sókè nígbàkígbà tí onísíkíì bá wà nínú omi. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 48 ní wákàtí kan ń lọ mítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá tẹ̀ lé onísíkíì ní ìwọ̀n gígùn okùn kan kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó gorí rẹ̀ bó bá ṣubú. Orí ènìyàn lójú omi kò sì yàtọ̀ sí ìgbì kékeré kan láti òkèèrè.

Wọ́n gbé akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Àmọ́ ọkọ̀ ò lè lọ síbì kankan. Okùn ti wé mọ́ pùròpẹ́là, kókó tó wà lára irin ìdí ọkọ̀ ti há débi pé èékánná ò lè wọ̀ ọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi gé e. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kúrò nínú omi, wọ́n ń tú u ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó fara pa ń gbọ̀n nínú aṣọ tútù. Ọkọ̀ tó dẹwọ́ iná fún wọn ló fún wọn ní ọ̀bẹ.

Ní ti ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀, ẹ̀kọ́ gidi wà níbẹ̀, torí pé ọ̀kan nínú àwọn èrò mọ ohun tó ń ṣe. Kó tó kan ìgúnwọ́ rárá, ó bọ́ òrùka àti aago kúrò lọ́wọ́ òsì. Apá tí okùn ti fún máa ń wú, bó bá sì wú tán, òrùka á di ohun tí wọ́n á máa fi irin gé. Ó tẹ èékánná akẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi funfun, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, èyí tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ìka. Ó ní kó mi ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgúnwọ́ náà ti yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó sì hàn lójú. Ènìyàn kan ní kí wọ́n fà á padà, ó kọ̀. Ó fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn bó ṣe wà, ó fi aṣọ gbígbẹ bò ó lára, kò sì fún un ní oúnjẹ tàbí omi mu, nítorí pé àwọn dókítà lè fẹ́ fún un lóògùn oorun.

Ní ilé ìwòsàn wọ́n dá ìgúnwọ́ náà padà, wọ́n sì mú un dúró di ọjọ́ kejì. Ohun méjì ni wọ́n ń ṣọ́. Àkọ́kọ́ ni wíwú iṣan nínú apá, tó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ara ti dà bíi pé ó fúyẹ́. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó ń pọ̀ sí i, pàápàá bí wọ́n bá na ìka, àti apá tó le gbagidi. Èkejì ni omi tó mu, torí pé ẹni tí omi wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkankíkan nígbà tó bá yá. Kò sí èyíkéyìí tó ṣẹlẹ̀. Apá náà padà, ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń fa onísíkíì mú níbẹ̀

Àwọn kan dá atukọ̀ nìkan lẹ́bi. Òótọ́ ni pé òun ló tẹ iná, òun náà ló fi gíà sí rífásì. Ṣùgbọ́n bí atukọ̀ tó dára jù láyé bá wà níbẹ̀, tó gbọ́ "ó yá," tí kò sì ní olùṣọ́ tó ń wo ẹ̀yìn, òun náà á tẹ iná. Ètò ìgbéra wọn ni kò dára.

Ètò tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ rèé. Ẹni tó wà nínú omi nìkan ló ní àṣẹ láti pe ìgbéra, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń sọ nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́. "Fà!" tó fún ìgbéra. Kó tó pè é, ọkọ̀ á kọ́kọ́ wọ gíà láìtẹ iná, á rọra máa lọ títí gbogbo okùn á fi na, tí ìdìmú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Olùṣọ́ á wo ohun mẹ́ta: ọwọ́ méjèèjì wà lórí igi ìdìmú, okùn kò wé mọ́ apá, ọrùn tàbí ẹsẹ̀, imú síkíì yọ lókè omi. Bí ẹni tó wà nínú omi bá ní "Fà!", olùṣọ́ á tún un wí. Ohùn olùṣọ́ ni atukọ̀ ń gbọ́ràn sí, kì í ṣe ohùn mìíràn. Ó jọ pé ó gùn, àmọ́ kò gbà tó ìṣẹ́jú kan, okùn tó bá sì ti na kò lè ṣe ohun tí okùn tó dẹ̀ ṣe fún ìgúnwọ́ yẹn.

Olùṣọ́ kì í ká okùn, kì í tú kókó, kì í di ọmọ mú, kì í wo fóònù. Àwọn kan ń lo dígí dípò olùṣọ́, àwọn ibì kan sì gbà á lábẹ́ òfin. Dígí lè fi ènìyàn hàn atukọ̀ tó bá ń wò ó, ṣùgbọ́n kò lè kígbe "Pa á!" fún atukọ̀ tó ń wo iwájú. Kí olùṣọ́ mọ àmì ọwọ́ tán: àtàǹpàkò sókè, kí eré pọ̀ sí i, àtàǹpàkò sísàlẹ̀, kó dín kù, ọwọ́ tó ń gé ọrùn, dúró, ọwọ́ tó ń gbá orí, ká padà sílé. Àmì tó ṣe pàtàkì jù ni ti ẹni tó ṣubú: kó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sókè orí, ìyẹn ni pé ara òun dá. Bí kò bá fi í hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí wọ́n gbà pé ó fara pa.

Bó bá sì fara pa ńkọ́? A kì í fi rífásì lọ bá a. Ọkọ̀ á yí po, á bọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú imú rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ẹni náà á wà ní ẹ̀gbẹ́ atukọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì ti kú kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan àkàbà. Fíríì kò tó. Orúnkún lè gbún ọ̀pá gíà nígbà tí ènìyàn ń gòkè, pùròpẹ́là àwọn ọkọ̀ kan sì ṣì máa ń yí díẹ̀ ní fíríì. Ẹ́ńjìnnì tó wà láàyè tún ń tú carbon monoxide jáde ní ìdí ọkọ̀, èéfín tí kò ní òórùn, tó lè mú kí ẹni tó wà nínú omi dákú kó tó mọ̀. Kí ènìyàn jìnnà sí ìdí ọkọ̀ tó mítà mẹ́fà níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní ti okùn fúnra rẹ̀, kókó lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì agbára rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kókó ló há mọ́ irin lọ́jọ́ náà tó fi gba ojú olùṣọ́. Okùn tó ti já, kí wọ́n jù ú nù. Èyí tó ti gbẹ lójú oòrùn, tó ń hu irun, kí wọ́n ṣe bákan náà. Kí ibi ìsokùn wà láàárín ọkọ̀, lórí òpó tó ga, tàbí kí wọ́n fi okùn méjì so ó mọ́ igun ìdí ọkọ̀ méjèèjì, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ìléfòó níbi tí wọ́n ti pàdé kó má baà wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí ojú ọ̀nà okùn: ìdìmú tí ènìyàn jọ̀wọ́ nígbà tí okùn le lè fò padà wọ inú ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fa rọ́bà oníafẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń jókòó lé lórí ńkọ́? Okùn síkíì kọ́ nìyẹn o. Èyí tí wọ́n ṣe fún un ni kó rà, tí agbára rẹ̀ kò dín ní nǹkan bíi kìlógíráàmù 680 fún ẹnì kan, 1,077 fún ẹni méjì. Kí ọ̀bẹ tó ní eyín, tí imú rẹ̀ kò mú, wà níbi tí ọwọ́ olùṣọ́ á bà láìdìde.

Ìdìmú kan wà tí wọ́n ti fi aṣọ líle tàbí rọ́bà dí àlàfo onígun mẹ́ta yẹn, kí apá tàbí orí má lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, kò rọ́pò ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ó ti gbà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó ká orúnkún, kó di ìdìmú mú, kí ẹnì kan fa okùn láti iwájú, kí wọ́n sì pè é lójijì pé "Jù ú!" Bí síkíì bá yọ, jù ú. Bí bàtà bá nílò ọwọ́ méjì, jù ú. Okùn náà léfòó, ọkọ̀ á gbé e padà wá. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń ṣí láìrò ó ni kí wọ́n tó wọ síkíì fún un.